Ta Ni Yóò Jókòó Síwájú Láńdírófà?

Ìfẹ́ tó wọ ilé Dúrójayé ní Ìkọ̀lé kò kan ilẹ̀kùn, kò sì múra bí ìfẹ́. Iṣu ló rù wọlé.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Monísọ́lá ń fi àkísà nu dígí Láńdírófà bàbá rẹ̀ lójúde. Ìyá rẹ̀ ti lọ dùbúlẹ̀ sí yàrá bí ẹni tí orí ń fọ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ wá ra ọkọ̀ náà ti wà lọ́nà.

Láńdírófà yẹn kì í ṣe ọmọdé. Nígbà tí Dúrójayé ń ra kòkó kiri abúlé, kó tó láya, kó tó bímọ, ló ti rà á ní àlòkù, irú ti àtijọ́ tí sítíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Òkè tí àwọn mọ́tò yòókù ń fi ẹkún gùn, orin ni Láńdírófà fi ń gùn ún. Lẹ́yìn tí bàbá kú, Monísọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì ní Ọ̀yẹ́, gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì pé kí wọ́n bá òun tún un ṣe níwọ̀nba. Wọ́n pààrọ̀ bíréèkì, wọ́n fọ rédíétọ̀, wọ́n rán awọ tuntun sórí ìjókòó, wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kun bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn ibi tó ti tẹ̀ lára, Monísọ́lá ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ó ní àpá ara àgbàlagbà kì í ṣe ohun tí à ń pa rẹ́.

Kì í ṣe ebi ló ní kó tà á. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá, ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kí Ìyá Ayọ̀wálé má ṣí ilẹ̀kùn Láńdírófà, kó gòkè sórí ìjókòó iwájú lápá òsì, níbi tó máa ń jókòó sí nígbà ayé ọkọ rẹ̀, kó sì máa bá àga awakọ̀ tó ṣófo sọ̀rọ̀.

"Dúrójayé, epo pupa ti tún gbówó lórí o. Ọmọ rẹ ò jẹun kánú lónìí. Wọ́n ní òjò máa pọ̀ lọ́dún yìí."

Bí ojú bá ń ṣú, á sọ̀ kalẹ̀, á wọlé, á sùn. Kò lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ mọ́. Ẹni tó bá wá kí i, á ní kí wọ́n sọ pé òun ò sí nílé. Ayọ̀wálé, àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní Èkó, ló la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ lórí fóònù: "Móní, bí ọkọ̀ yẹn bá ṣì wà lójúde, Mọ́mì ò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀ láéláé." Ọ̀rọ̀ náà dun Monísọ́lá, ṣùgbọ́n kò rí irọ́ nínú rẹ̀. Bó ṣe gbé àwòrán Láńdírófà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé òun fẹ́ tà á nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá arúgbó kan tó wé gèlè mọ́rí dáadáa ló kọ́kọ́ sọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ̀ lé e, ó gùn, ó dúdú, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ìta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sílẹ̀: iṣu rọ̀gbọ̀dọ̀rọ̀gbọ̀dọ̀, kẹ́ẹ̀gì oyin kan, obì nínú abọ́.

Bàbá Kékeré, àbúrò Dúrójayé, wà lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ti sọ fún un pé àlejò ń bọ̀. Wọn ò sọ irú àlejò. Ó wo iṣu, ó wo oyin, ó wo obì. Ó fò dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé.

"Monísọ́lá! Ìwọ ọmọ yìí! O ò sì ta wá lólobó!"

"Kí ni mo ṣe, Bàbá Kékeré?"

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Lọ wọṣọ gidi. Ìyá Ayọ̀wálé, jáde o! Àwọn àna wa ti dé! Ẹ kú ulé o, ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrìn, ẹ wá fìdí kalẹ̀!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó gbé orí sókè díẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwa wá—"

"Ààà! Ọkọ kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ báyìí. Ẹnu àgbà ni wọ́n ń yá. Padà sílẹ̀."

Ó padà sílẹ̀. Monísọ́lá dúró tòun ti àkísà lọ́wọ́, ọṣẹ ń kán sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá Bàbá Kékeré dúró bó bá ti gbá obì mú? Ó ti bẹ̀rẹ̀. Obì á bi ikú, á bi àrùn. Oyin á jẹ́ kí wọ́n máa rí adùn ara wọn. Iṣu á ta, ọmọ á ta, tọkọtaya ò ní fi ojú sunkún ara wọn. Ìyá arúgbó náà ń ṣe àmín ní tirẹ̀, nítorí kò sí àdúrà tí àgbà kì í ṣe àmín sí. Ìgbà tí Bàbá Kékeré la obì tán, tó sọ awẹ́ kan sẹ́nu, ni ìyá náà tó rọra sọ̀rọ̀.

"Bàbá, àdúrà á gbà o. Èmi ni Ìyá Victoria, láti Ààyè, lẹ́bàá Ìdó. Ẹlúyẹmí tó dọ̀bálẹ̀ yìí, ọmọ àbúrò mi ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò la wá wò."

"Mọ́tò kẹ̀?"

"Láńdírófà yìí."

Bàbá Kékeré dáwọ́ obì jíjẹ dúró. "Ta ló ń gbé oyin wá ra mọ́tò?"

"Àwa ni. Ẹni tó ni ín ti lọ sílé. A ò lè wá nájà olóògbé lójúde rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, bí ẹni wá jalè."

Bàbá Kékeré gbé obì mì. "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kó àdúrà padà o, obì sì ti dé ikùn."

Ẹ̀rín bẹ́. Ìyá Victoria di ìhà mú. Ẹlúyẹmí fi ojú pamọ́ sórí ilẹ̀ tó wà, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìgbà tó gbójú sókè, ojú Monísọ́lá ló bá pàdé, Monísọ́lá sì yára bẹ̀rẹ̀ sí í nu dígí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Ayọ̀wálé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìró lókè àyà. Ó wo iṣu, ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ní, "Ọkọ̀ ni ẹ wá rà? Ẹ rà á kíá, kí ẹ máa lọ."

*

Wọ́n fẹnu kò lórí owó láìsí ariwo. Ohun tó wọ Monísọ́lá lójú ju owó lọ. Ṣáájú kí Ẹlúyẹmí tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó ní, "Bàbá, ẹ kú uṣẹ́ o." Ọkọ̀ ló ń kí! Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé òun kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀ tán, òun sì padà sórí ilẹ̀ bàbá bàbá òun ní Ààyè, iṣu àti ẹ̀gẹ́ lòun ń gbìn. Ọ̀nà oko òun burú tó bẹ́ẹ̀ tí mọ́tò kankan kì í fẹ́ wọ̀ ọ́ nígbà òjò. Lọ́dún tó kọjá, iṣu tó pọ̀ jẹrà lójú òun lórí ebè, kò sì sí ẹni tó lè wá kó o.

Ìyá Ayọ̀wálé ní kò burú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò ní kúrò lójúde òun, òun ò sì ní gbowó rẹ̀, kí àwọn tó ṣe ìrántí ọdún olóògbé.

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín, Mọ́mì," ni Ẹlúyẹmí dáhùn. "Èmi ni n ó máa wá. Mi ò tíì mọ irú rẹ̀ wà. Bí Àǹtí bá lè máa kọ́ mi ní Sátidé."

Àǹtí náà ní òun á gbìyànjú. Ọkàn rẹ̀ sì ti ń ka ọjọ́ tó kù kó di Sátidé, ó ń bá ọkàn rẹ̀ jà pé kí ló dé.

Ọ̀nà Ayédùn ni wọ́n máa ń gbà, níbi tí mọ́tò ò ti pọ̀.

"Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ yọ jíà, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wọ òmíràn. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ké ni? Ó ń bú yín."

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ní àgbẹ̀ tó ń kọ ebè ni yín, kì í ṣe awakọ̀."

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Tísà. Ẹ ní àkẹ́kọ̀ọ́ yín ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó níwà."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà, ọ̀pá kúkúrú kan wà tí orí rẹ̀ rí róbótó bí ìyeyè tó pọ́n. Ìyeyè náà sì ni gbogbo ilé ń pè é. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa fa ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀. Monísọ́lá fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ kí Ẹlúyẹmí lè rí i, kò mì. Ẹlúyẹmí náà tẹ̀ ẹ́, kò mì.

"Mẹkáníìkì ní kò bàjẹ́, pé ó kàn fẹ́ ẹni tó mọwọ́ ẹ̀ ni," ni Monísọ́lá sọ. "Dádì mi ló mọ̀ ọ́n. Àwa ọmọ, ẹ̀yìn là ń jókòó sí, lórí àpò kòkó. Mi ò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú rí."

Sátidé ń gorí Sátidé. "Ẹ" di "o" láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ọjọ́ tó yí padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n páàkì sábẹ́ igi kan, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun. Ẹlúyẹmí ń yí kùkù rẹ̀ lọ́wọ́ síwájú, sẹ́yìn.

"Móní, mo fẹ́ bi ẹ́. Àdúrà tí Bàbá Kékeré gbà lọ́jọ́ kìíní, ṣé o ṣe àmín?"

Àgbàdo dúró lẹ́nu Monísọ́lá. "Mi ò rántí."

"Èmi ṣe é. Lábẹ́lẹ̀ ni mo ṣe é o, ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n mo ṣe é."

Monísọ́lá yí kọ́kọ́rọ́, ó wọ jíà láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì, Láńdírófà ké gbàjarè. Ẹlúyẹmí rẹ́rìn-ín. "Tísà, kí ló ń sọ báyìí?"

"Kò kàn ẹ́," ni Monísọ́lá dáhùn, ẹ̀rín sì ti bo gbogbo ojú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá dá wà láàárín àwọn ìwé ní Ọ̀yẹ́, iyè méjì á dé. Ṣé èmi ló ń wá wò ní Sátidé, àbí Láńdírófà? Ká ní ọkọ̀ kékeré kan lásán ni mo ń tà, ṣé á padà wá? Ìbéèrè burúkú mìíràn á tún tẹ̀ lé e: bí mo bá bá a lọ sí Ààyè, ta ni yóò kù pẹ̀lú Mọ́mì?

*

Ìyá Victoria tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí àṣìṣe. Ó gbé obì kalẹ̀, ó ní òdòdó kan ni àwọn rí lágbàlá, àwọn sì fẹ́ já a. Bàbá Kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. "Àbí ẹ ò rí i? Mo ti gbàdúrà ẹ̀ sílẹ̀!"

Ìyá Ayọ̀wálé ò na ọwọ́ sí obì.

"Ìyá Victoria, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ lé àyà yín kí ẹ dá mi lóhùn. Bí ẹnì kan bá wá sílé yín, tó gbé ọkọ̀ tí ọkọ yín fi fẹ́ yín sọ́nà lọ, tó tún fa ọmọ tí ẹ jọ ń gbélé lọ́wọ́ lọ, ta ni ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́? Ògiri?"

Ìyá Victoria ti abọ́ obì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tẹ orí ba.

"Màmá, ẹ gba tiwa rò," ló sọ. "Ọmọ yín ò ní jìnnà. Ìdó ò jìnnà sí Ìkọ̀lé."

"Mo mọ bó ṣe jìnnà tó. Ọmọ yín, kó mú ọ̀kan. Ọkọ̀ tàbí ọmọ. Kò ní kó méjèèjì mọ́ mi lójú."

Ẹlúyẹmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò tiẹ̀ rò ó. "Ẹ di ọkọ̀ yín mú, Mọ́mì. Ọmọ ni mo mú."

Bàbá Kékeré pàtẹ́wọ́. Ìyá Victoria mí kanlẹ̀. Monísọ́lá nìkan ló dìde, tó jáde lọ síta, tí ojú rẹ̀ sì le bí òkúta. Ẹlúyẹmí sáré tẹ̀ lé e dé ẹ̀gbẹ́ Láńdírófà.

"Móní, kí ló dé? Mo rò pé inú ẹ máa dùn ni."

"Ṣé èmi àti mọ́tò lẹ jọ gbé lé òṣùwọ̀n? Ìwọ àti Mọ́mì? Ẹnikẹ́ni nínú yín ò wẹ̀yìn bi mí pé, Móní, kí lo fẹ́?"

"Mo mú ẹ, àbí mi ò mú ẹ?"

"O mú mi. Kí lo wá fẹ́ fi kó iṣu? Orí ẹ?"

"Màá wọ́nà. Ọlọ́run ń bẹ."

"Ọlọ́run wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, iṣu sì jẹrà." Ó tọ́ka sí Láńdírófà. "Lọ́jọ́ kan, iṣu á tún jẹrà, wàá jókòó, wàá sì máa wò mí. O ò ní sọ nǹkan kan, nítorí o níwà. Ṣùgbọ́n Láńdírófà ni wàá máa rí lójú mi. Mi ò lè fẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀."

"Monísọ́lá!"

"Máa lọ sílé, Ẹlúyẹmí. Má pè mí."

Kò pè é. Èyí gan-an ló wá dun Monísọ́lá jù. Àwọn ọkùnrin mìíràn, bí o bá ní kí wọ́n má pè ọ́, wọn á pè ọ́ ní ọ̀la. Tirẹ̀, ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń ṣe. Fóònù á tàn lórí tábìlì ní ilé ìkàwé, Monísọ́lá á sáré gbé e. Ilé ìfowópamọ́ ni, tàbí Ayọ̀wálé. Sátidé á dé, yóò bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń nu dígí ọkọ̀, á máa wo ọ̀nà. Nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ á gòkè sí ìjókòó rẹ̀. Èyí ń bá òkú sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, èyí ń bá alààyè sọ̀rọ̀ lọ́kàn, ilé dá bí ilé tí ẹnì kankan ò gbé.

*

Àárọ̀ Sátidé kan ni fóònù dún. Ìyá Victoria ni. Òjò ń rọ̀ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, òjò ń rọ̀ ní Ìkọ̀lé náà.

"Monísọ́lá, ó ní mi ò gbọ́dọ̀ pè ẹ́. Mo sì ti pè ẹ́. Wọ́n ti wa uṣu sílẹ̀ láti àná, ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí odò. Awakọ̀ tó háyà wo ọ̀nà, ó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Odò ti ń gòkè, ọmọ mi. Ó ń fi orí rù ú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ya wèrè."

Monísọ́lá ò dúró wọ bàtà. Ó já kọ́kọ́rọ́ lára ògiri, ó sáré jáde, ó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Ìyá rẹ̀ ti wà lórí ìjókòó òsì. Ọjọ́ òjò, kì í dúró de ìrọ̀lẹ́.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ gbé ọkọ̀ jáde."

"Lọ síbo?"

"Ààyè."

"Ṣebí ọmọ ló mú? Kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ mi ṣe?"

"Kò ní kí n wá. Mi ò lọ fẹ́ ọkọ, Mọ́mì, iṣu ni mò ń lọ kó. Ó ń lọ sínú odò. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"N ò sọ̀."

Monísọ́lá wo ìyá rẹ̀. Ìyá náà wo iwájú. Wọ́n jọra bí obì méjì lójú agídí.

"Ó dáa. Ẹ di nǹkan mú."

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé olóògbé lọ sí ìsìnkú, ìyá náà kò tíì jókòó nínú ọkọ̀ yẹn kó rìn. Nígbà tó kọ́kọ́ mì, ó di ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mú gírígírí. Wọ́n kọjá Ọ̀yẹ́, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n dé Ìfàkì, ó ní, "O ń fún un níná jù. Bàbá rẹ kì í fìyà jẹ ẹ́ báyìí." Wọ́n yà sí ọ̀nà Ìdó, ó na ọwọ́, ó fi etí gèlè rẹ̀ nu ooru tó bo dígí iwájú kí ọmọ rẹ̀ lè ríran. Monísọ́lá tẹjú mọ́ ọ̀nà. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ̀rọ̀, ìyá òun á rántí ìbínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wọ ọ̀nà oko Ààyè, ẹrẹ̀ dé agbede táyà. Nínú òjò yẹn ni wọ́n ti rí Ẹlúyẹmí, iṣu lórí, iṣu lábíyá, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ó rí bọ́nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, ó dúró. Ó tún rí ẹni tó jókòó lápá òsì, iṣu abíyá rẹ̀ já bọ́.

"Má wò wá," ni Monísọ́lá ké láti ojú fèrèsé. "Di ẹrù!"

Òun àti àwọn alágbàṣe rẹ̀ dì í títí tí Láńdírófà fi dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn. Omi ti ń kan ebè tó wà nísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n gbéra. Gegele kan ló kù kí wọ́n bọ́ sí títì, gegele náà sì ń yọ̀ bí ilá. Wọ́n dé ìdajì, táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, ó ń ta ẹrẹ̀ sí Ẹlúyẹmí àti àwọn tó ń tì í lójú. Ọkọ̀ ń yọ̀ padà, díẹ̀, díẹ̀, sí ọ̀nà odò.

Monísọ́lá lu Ìyeyè. Kò lọ. Ó tún lù ú. Ọwọ́ dùn ún. "Jọ̀ọ́," ló ń sọ fún un, omijé ti dà mọ́ òógùn, "jọ̀ọ́, jọ̀ọ́."

"Gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná," ni ohùn kan sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn náà kò gbọ̀n. "Tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Jẹ́ kó mí sẹ́yìn díẹ̀. Má bẹ̀rù, jẹ́ kó mí." Ọkọ̀ mí sẹ́yìn. Ìyá Ayọ̀wálé sì na ọwọ́ ọ̀tún, kò wo ibẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu orí Ìyeyè lẹ́ẹ̀kan.

Gbò.

"Ó yá. Fún un níná."

Táyà iwájú gbá ilẹ̀ mú. Láńdírófà gbé ohùn orin rẹ̀ àtijọ́ sókè, ó gun gegele náà bí ẹni ń gun àkàsọ̀ ilé bàbá rẹ̀.

Lókè, Monísọ́lá pa ọkọ̀. Òjò ti ń dẹ̀. "Mọ́mì, níbo lẹ ti mọ̀ ọ́n?"

"Ta lo rò pé ó máa ń tẹ̀ ẹ́?" Ìyá rẹ̀ ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ni. "Dúrójayé ò tẹ̀ ẹ́ rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ rẹ wà yẹn. Á kàn ní, 'Ó yá, Ìyàwó,' èmi á sì tẹ̀ ẹ́. Gbogbo òkè Èkìtì yìí la jọ gùn báyẹn." Ẹkún wá, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀. "Wò ó, kò ra ọkọ̀ yìí kí n máa sàba lójúde bí adìẹ tí kò lẹ́yin."

Ẹlúyẹmí gun gegele náà dé, kò sí ibi tí ẹrẹ̀ kò sí lára rẹ̀ àfi ẹyinjú. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Dúró bẹ́ẹ̀, o ti dọ̀tí tó," ni Ìyá Ayọ̀wálé sọ. "Ìwọ ọmọ Ààyè, mo ní kí o mú ọ̀kan. Ìbínú ló sọ ọ́. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọkọ̀ ẹnì kan. Ẹni tó bá rà á, tí kò ní ẹni tí yóò máa bá a tẹ Ìyeyè, irin lásán ló rà. Ṣùgbọ́n n ò ní tún fi ọmọ mi sórí òṣùwọ̀n mọ́. Ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Bi í léèrè."

Ẹlúyẹmí nu ojú, ẹrẹ̀ kàn tún fẹ̀ sí i ni. "Móní, n ò pè ẹ́, o ní kí n má pè ẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń pè ẹ́ lọ́kàn. Kí lo fẹ́?"

Ó ti pẹ́ tí Monísọ́lá ti ń retí ìbéèrè yẹn. "Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kí iṣu rẹ délé. Mo fẹ́ kí Mọ́mì máa bá wa wá sóko, kó máa bú wa ní Sátidé, kó má bá àga sọ̀rọ̀ mọ́."

"Gbogbo ẹ̀ ni mo gbà. Ṣé wàá máa tẹ Ìyeyè fún mi?"

"Rárá."

Ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Èmi ni n ó máa wà á," ni Monísọ́lá sọ. "O ò mọ̀ ọ́n wà. Ìwọ ni wàá máa tẹ̀ ẹ́."

"Àmín!" ni Ẹlúyẹmí ké. Kò ṣe é lábẹ́lẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn alágbàṣe tó wà nísàlẹ̀ gegele náà gbọ́ ọ, wọ́n bá a ṣe é.

Ìyá Ayọ̀wálé ṣí ilẹ̀kùn apá òsì. Ó fi ọwọ́ pa ìjókòó náà lára lẹ́ẹ̀kan, bí èèyàn ti ń pa ọmọ tó sùn lára. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó káṣọ sókè nínú ẹrẹ̀, ó yí lọ sẹ́yìn, ó gun orí iṣu, ó sún àwọn ńlá sápá kan, ó fìdí kalẹ̀.

"Kí lẹ ń wò? Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ìyá Victoria á ti gbé omi uyán kaná."

Ẹlúyẹmí gòkè sí ìjókòó iwájú bí ẹni tó ń wọ ilé Ọlọ́run, ó ń gbìyànjú kó má fi ẹrẹ̀ kan awọ tuntun. Ẹrẹ̀ kàn án náà. Níwájú wọn, ọ̀nà tún dà gẹ̀rẹ́, omi ń ṣàn lórí rẹ̀. Monísọ́lá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́ kí ọkọ̀ mí sẹ́yìn díẹ̀. Kò wo apá òsì rẹ̀.

"Ó yá, Ọkọ."